Ọjọ́ Tí A Kó Ilé Síta

Alùpùpù kan ló kọ́kọ́ wá nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú,
gbohùngbohùn níwájú rẹ̀, ohùn rẹ̀ ti ha:
"Ẹ̀yin ará Kétu, ọ̀la ni o!
Ẹ kó ohun gbogbo síta. Ẹ bo oúnjẹ.
Ẹ má so ewúrẹ́ mọ́lé."

Ilẹ̀ mọ́, a gbé ilé wa sójúde
bí ẹni tí onílé lé jáde:
ibùsùn, àpótí, àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú,
fọ́tò bàbá wa tòun ti fìlà tó yá wọ̀,
àti ìkòkò omi mẹ́sàn-án,
nítorí a kì í fi omi ṣeré ní Kétu;
bí òjò bá ṣú, ọmọ ọwọ́ pàápàá mọ̀ pé ká gbé igbá.
Inú ìkòkò wọ̀nyí náà ni wọ́n ti ń bímọ.
Ohun tí a tọ́jú de òùngbẹ
ni ọ̀tá sọ di ilé ìgbẹ̀bí.

Oòrùn rí gbogbo àṣírí wa.
Ó rí ẹní tí eku ti jẹ létí.
Ó rí nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n pín fún wa níjọ́sí,
tí ẹ̀gbọ́n mi fi ṣe ọgbà òròmọdìẹ.
Ẹ̀gbọ́n mi wú ikọ́, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Àwọn baba ńlá wa ṣọdẹ ẹfọ̀n.
Wọ́n mọ ìró pátákò rẹ̀,
wọ́n mọ igi tí wọn ó gùn bí ó bá yíjú padà.
Ẹ̀fọn ni kò sí igi tí à ń gùn fún.
Ohùn orí ọ̀rọ̀ nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀:
èyí tó ní ìwo méjì ti tán nínú igbó,
èyí tó ní abẹ́rẹ́ kan
ń kùn sí wa létí lóru.

Wọ́n fín yàrá mẹ́ta. Ó ku ti ìyá wa.
Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́ méjèèjì.
"Ibí yìí ò ní ẹ̀fọn."
Rísìkátù, ọmọ ẹ̀bá Ìdẹ̀nà, ṣí ìbomú,
ó kúnlẹ̀ tòun ti àgbá lẹ́yìn,
oògùn inú rẹ̀ dún gbọ̀lọ̀.
"Màmá, kí ló wà níbẹ̀?"

Kò sí nǹkan níbẹ̀. Ògiri ni.
Ìlà èédú mẹ́rin lára ògiri,
èyí tó ga jù dé ìbàdí mi.
Ibẹ̀ ni Ìlọ̀rí máa ń dúró sí lọ́dọọdún,
tí á na ọrùn, tí á fi ọmọ-ìka ẹsẹ̀ ṣèrú,
tí ìyá wa á tẹ̀ ẹ́ lórí mọ́lẹ̀ kó tó fàlà.
Ìlà karùn-ún ni ibà ò jẹ́ ká fà.
Òjò ọdún náà pọ̀. Ìkòkò wa kún.
À ń dúpẹ́.

"Oògùn yìí kì í pa èédú rẹ́," Rísìkátù wí.
"Wọ́n tilẹ̀ ní kí ẹnikẹ́ni má nu ògiri
títí oṣù mẹ́fà. Ẹ ò gbọdọ̀ rẹ́ ẹ, ẹ ò gbọdọ̀ kùn ún."
Ìyá wa wò ó títí.
Ó sọ ọwọ́ kan kalẹ̀.
Ó pẹ́ kó tó sọ ìkejì.

Nígbà tí a padà wọlé, èmi ni mo gbálẹ̀:
aáyán mẹ́tàlá, ọmọńlé kan tó ṣì ń mí,
àti ẹ̀fọn, gbígbẹ, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ìyàngbò.
Wọn ò wúwo lórí ìkólẹ̀.
Mo gbé e sókè, mo tún gbé e wò.
Ṣé gbogbo rẹ̀ náà nìyí?

Ní alẹ́, ìyá wa bo ìkòkò rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Èyí tó ti fọ́, ó dojú rẹ̀ délẹ̀.
Ọmọ mi fẹ́ fẹ̀yìn ti ògiri, kó fi ara rẹ̀ wé ìlà;
"Má fara kàn án," ó ní, "ó di oṣù mẹ́fà."
Lẹ́yìn náà mo rí i nídìí ààrò,
ó ṣa èédú kan tó mú lẹ́nu,
ó sì so ó mọ́ etí ìró.