Ọgọ́ta Nílùú Àádọ́ta

Ọdún tí Oyèkúnlé ti Amẹ́ríkà padà sí Ògbómọ̀ṣọ́,
aago ògiri ló gbé wálé, kò gbé fìríìjì.
Ọdún mọ́kànlá ló fi wo ojú rẹ̀ kó tó jáde lọ síbi iṣẹ́ òru.
Kò ní bátìrì, kò ní kọ́kọ́rọ́ tí à ń yí;
iná ni oúnjẹ rẹ̀.

A ra tiransifọ́má ní Ṣábó,
a bu igba ó lé ogún kù sí àádọ́fà.
Ọwọ́ aago yí. Ìyá Oyèkúnlé pàtẹ́wọ́.
Aago mẹ́fà òwúrọ̀ la tàn án.
Nígbà tí wọ́n pe ìrun àṣálẹ́ ní mọ́ṣáláṣí Ìjẹ̀rù,
aago ní márùn-ún kò tíì lù.

Láòyè awé-wáyà, ọ̀gá mi, jókòó tì í pẹ̀lú rédíò,
ó ń ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ ẹ̀wà lórí iná.
Wákàtí kan pé ní ti rédíò,
ti aago ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.
Ó ṣọ́ òmíràn. Mẹ́wàá náà ni.

"Kò bàjẹ́," ó ní. "Kò sì purọ́.
Níbi tí wọ́n ti ṣe é, iná a máa gbọ̀n nígbà ọgọ́ta
ní ìṣẹ́jú-àáyá kan; tiwa, àádọ́ta.
Ó ń ka ẹsẹ̀ wa, ẹsẹ̀ wa kò yá tó.
Tiransifọ́má lè bu ẹrù kù lórí alárù,
kò lè yí ìrìn rẹ̀."

Mọ́tò ẹ̀rọ ata kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù,
àti amúnáwá tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú, tí orí rẹ̀ ṣì yè.
Sùnmọ́nù agbẹ́rin bá wa gbẹ́ kẹ̀kẹ́ méjì:
ìnṣì mẹ́fà fún mọ́tò, márùn-ún fún amúnáwá,
bẹ́líìtì kan láàárín.
Àádọ́ta wọlé níhìn-ín, ọgọ́ta jáde lọ́hùn-ún.
Àbí kí n sọ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgọ́ta:
mọ́tò tó ń fa ẹrù a máa fà sẹ́yìn díẹ̀,
bíi tèmi tí wọ́n bá rán mi níṣẹ́ lọ́sàn-án.
Ọ̀gá mú fáìlì, ó ń họ kẹ̀kẹ́ kékeré,
ó wọ̀n ọ́n, ó tún họ ọ́,
ọjọ́ mẹ́ta, títí aago òun rédíò fi sọ ọ̀rọ̀ kan náà.

Ariwo rẹ̀, ẹ má bi mí.
"Ẹ̀rọ tó tó lọ ata gbogbo Ìjẹ̀rù," màmá ní,
"lẹ fi ń fa aago kan ṣoṣo?
Ẹ pa á. Mo ti mọ ìrìn rẹ̀.
Bó bá sọ tiẹ̀, màá wo oòrùn."
Oyèkúnlé rẹ́rìn-ín, kò pẹ́.
Ó ti lo oṣù mẹ́ta nílé, aago méjì òru ló ṣì ń jí,
tí á wọ bàtà, tí á jókòó sẹ́nu ọ̀nà.
Ọ̀gá wò ó, ó wo fáìlì ọwọ́ rẹ̀,
ó kì í bọ àpò.

Lónìí, àpótí tí kò tó Bíbélì ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn.
Mo ti tú u wò: kò ní kẹ̀kẹ́, kò ní bẹ́líìtì.
Á kọ́kọ́ na iná tó ń gbọ̀n náà tọ́ bí okùn,
á wá gé e ní iye tí o bá fẹ́.
Mo ń tà á. Ó dára.
Kẹ̀kẹ́ ìnṣì márùn-ún ni mo fi ń ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù.
Bí mo bá fọwọ́ pa á,
ojú fáìlì ṣì ń ha ni lọ́wọ́.