Erékùṣù Inú Koríko

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, mo mọ erékùṣù:
ilẹ̀ ni, omi yí i ká,
ẹni tí kò lọ́kọ̀ kì í dé ibẹ̀.
Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé koríko náà lè di ọ̀sà,
àfi ìgbà tí mo gun òkè Mambila,
tí mo dúró ní Wuro Ladde lẹ́nu oṣù kọkànlá,
tí mo rí igbó dúdú kan ṣoṣo nísàlẹ̀,
tí koríko ń rọ́ lù ú bí ìgbì.

Màlúù ni ọkọ̀ tó ń rìn lórí ọ̀sà yìí.
Iná ni ìjì rẹ̀.

Hammanjoda ló mú mi wọlé.
Ọdẹ ni tẹ́lẹ̀; ó ti pa ohun tí kò lè kà.
Ní báyìí ó ń ṣọ́ wọn,
owó oṣù méje rẹ̀ sì wà lọ́rùn ìjọba.
"Àwọn tí mo pa," ó ní,
ní Haúsá tí èmi náà ń he lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀,
"àwọn ló kọ́ mi ní ọ̀nà inú igbó yìí.
Gbèsè wọn ni mo ń san."
Kò rẹ́rìn-ín. Ó fi àdá tọ́ka sókè.

Agbe!
Mo ti ń pe agbe láti ilé jéléósinmi,
mo mọ aró rẹ̀ lórí,
mo ti fi kọ àròkọ gba máàkì,
n kò tíì rí i rí.
Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi gbé ìyẹ́ kiri lẹ́nu
láìmọ̀ pé ẹyẹ ti kó kúrò ládùúgbò wa.
Bẹ́ẹ̀ ni èdè ṣe ń tan ni jẹ:
ó ń pa orúkọ mọ́
bí ìyá arúgbó ṣe ń pa kọ́kọ́rọ́ mọ́,
ilé ti jó tipẹ́.

Iṣẹ́ mi kò lógo. Mo ń ṣa ìgbẹ́ ìnàkí.
Mo ń fọ̀ ọ́ nínú asẹ́, mo ń ka kóró tó bá kù:
mẹ́tàlélógún lánàá, irú igi mẹ́rin.
Màmá mi pè, nẹ́tíwọ̀kì ń já:
"Mùtíátù, ṣé kí o lè máa fọ ìgbẹ́ ọ̀bọ
la ṣe ta ilẹ̀ bàbá rẹ?"
Mo ní, Màmá, kì í ṣe ọ̀bọ. Ìnàkí ni.
Ó pa fóònù.
Bó bá dúró gbọ́ ni, ǹ bá ní:
àwọn igi kan wà tí kóró wọn tóbi ju ọ̀fun ẹyẹ lọ,
ìnàkí ló lè gbé wọn mì, tó lè gbé wọn sọdá odò.
Lọ́jọ́ tí ìnàkí ìkẹyìn bá kú
igi náà yóò ṣì dúró, yóò ṣì máa so,
bí ìyàwó tó ń se oúnjẹ sílẹ̀
fún ọkọ tó ti kú lójú ọ̀nà.
Ọgọ́rùn-ún ọdún lè kọjá kó tó yé e.

Lóṣù kejì, nígbà tí ìsun ìta igbó gbẹ,
a bá màlúù mọ́kànlélógún nínú odò wa,
ọmọdékùnrin kan ń dà wọ́n.
Ọmọ ẹ̀gbọ́n Hammanjoda ni.
Mo ti yọ ìwé ìtanràn jáde.
Hammanjoda jókòó lórí àpáta.
Àwọn méjèèjì dákẹ́ títí màlúù fi mu yó.
Lẹ́yìn náà ó mú ọmọ náà dé ìdí igi kékeré kan
tí pátákò tẹ̀ mọ́lẹ̀,
ó ní kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e dìde.
Ọmọ náà tú okùn ìdí ṣòkòtò rẹ̀,
ó fi so ó mọ́ ọ̀pá,
ó wá fi ọwọ́ kan di ṣòkòtò mú relé.

N kò kọ nǹkan kan.
Bóyá mo ṣàṣìṣe. Òùngbẹ kò yé gbẹ màlúù,
ìsun kò sì tíì padà.

Igi kékeré náà kò lórúkọ lédè mi.
Mo wo ìwé, mo bi Màmá pàápàá nígbà tó tún pè,
mo fi ìṣó họ nọ́ńbà sára páànù: igba ó lé mẹ́rìnlá.
Lálẹ́, tí ọyẹ́ bá ń fẹ́, tí iná bá ń rìn lórí òkè,
orúkọ máa ń wá sí mi lẹ́nu, mo máa ń gbé e mì.
A kì í sọ ọmọ lórúkọ kó tó pé ọjọ́ mẹ́jọ.
Kí ewé rẹ̀ kọ́kọ́ pé mẹ́jọ.

Márùn-ún ló ní báyìí.