Ààlà

Àbúrò mi Dúrósinmí pè mí láti Jámánì:
"Ẹ̀gbọ́n, èmi àti bàbá onílé mi
wọ bọ́ọ̀sì lọ ra wàrà ní Họ́láńdì.
N kò mọ ibi tá a ti kọjá.
Òkúta kékeré kan ló wà lẹ́bàá ọ̀nà,
ajá ń tọ̀ sí i lára.
Bàbá ò tilẹ̀ mú páálí dání."

Mo gbé fóònù sétí kejì.
Láàárọ̀ yìí, láti Ẹ̀gbẹ̀ dé Eruku,
igi dábùú ọ̀nà lẹ́ẹ̀mẹta.
"Káàdì dà? Iṣu ta nìyí?"
Mo ní, "Okun o, ọmọ mi."
Kò mọ bí wọ́n ṣe ń dáhùn.

Nírọ̀lẹ́ mo gbálẹ̀.
Eruku láti Eruku ti wọlé,
ó jókòó sórí àpótí ìyá wa,
kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.