Fèrèsé Kẹta

Yábàá. Aago méje òwúrọ̀ kò tíì lù.
Àwa méjìlélógójì la ti wà lórí ìlà,
èmi àti Ṣíjúwadé àbúrò mi
tó ń ka táìlì ilẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà.
Bó bá ti dé orí ìkọkàndínlógún
á ní ẹnìkan ti jí ọ̀kan, á tún bẹ̀rẹ̀.

Mo gbé káàdì náà sínú àpò ike
bí ẹni gbé ẹyin.
Oṣooṣù ni wọ́n ń yọ ọ́ lára owó iṣẹ́ mi
ní ilé ìtẹ̀wé, ní Èbúté-Mẹ́ta.
Ọdún mẹ́fà. N ò ráhùn.
Adójútòfò ni wọ́n ń pè é,
ẹni tí ń dójú ti òfò.
Orúkọ yẹn máa ń dùn lẹ́nu mi.

Ọkùnrin tó wà ní fèrèsé kẹta kì í ṣe ènìyàn burúkú.
Ó fi ìka tọ ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀:
ibà wà níbẹ̀, eyín yíyọ, ìgbẹ̀bí,
ẹ̀fọ́rí pàápàá wà níbẹ̀.
"Ohun tó wà nínú orí gan-an ni kò sí, màdáàmù.
Ti oògùn olóró, ìyẹn ò tiẹ̀ yọjú rárá.
Owó ọwọ́ yín lẹ ó fi san án."
Ó dárúkọ iye rẹ̀ jẹ́jẹ́,
bí ẹni ń túfọ̀.
Òfò ò tijú. Èmi lojú tì.

Lọ́dún tó kọjá, Ṣíjú já bọ́ láti orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa.
Ẹsẹ̀ ọ̀tún dá sí méjì.
Káàdì yìí kan náà ló san gbogbo rẹ̀:
fọ́tò, irin, sìmẹ́ńtì funfun.
Kò sẹ́ni tó bèèrè pé ta ló tì í.
Àwa tá a wà nílé la mọ ohùn náà,
tó máa ń pè é lóru ní orúkọ tí a kò sọ ọ́,
tó fi di pé ó ń gbé kóró oògùn méjì mì, mẹ́rin, mẹ́wàá,
kí ohùn náà lè sùn.
Ẹsẹ̀ tó dá wà nínú ìwé.
Ẹni tó tì í kò sí níbẹ̀.

A ti dé abẹ́ igi fúrúùtù lẹ́bàá géètì
kí ó tó dúró. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere,
irú ojú tó ní kí gbogbo èyí tó bẹ̀rẹ̀.
Ó wo ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, ó wò mí.
"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní,
"ṣé kí n ṣẹ́ èyí tó kù
kí wọ́n lè jẹ́ ká wọlé?"