Ẹ̀yìn Ìwé Tó Ṣófo

Ní Jalipaigúrì, lẹ́bàá odò Tisítà,
ilé ìtẹ̀wé wa kò ju yàrá kan lọ:
òrùlé páànù, ẹ̀rọ onírin tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀,
àti Haradani, tó mọ àìsàn ẹ̀rọ náà
ju bó ṣe mọ ti orúnkún ara rẹ̀ lọ.

Káàdì ìgbéyàwó ló ń bọ́ wa.
Ìwé ewì wa, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún,
kò bọ́ ẹnikẹ́ni rí.
Ọ̀ọ́dúnrún ẹ̀dà. Igba là ń tà,
àádọ́ta là ń fi tọrẹ,
ikán ń bá wa ka ìyókù.

Lọ́dún yẹn òjò kò jẹ́ kí bébà gbẹ.
Tapati, olóòtú wa, wọ bọ́ọ̀sì lọ sí oko tíì,
ó padà dé pẹ̀lú ẹrẹ̀ dé ojúgun
àti ewì kan nínú ìwé ìṣirò ọmọ ilé-ìwé.
Fulimoti Tópò ló sọ ọ́, ọmọ rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀.
Ọwọ́ tó ti ń já ewé láti ọmọ ọdún mọ́kànlá
kò tíì ráyè di gègé mú.

Mo kà á. Mo tún un kà.
Kò sí òdòdó níbẹ̀, kò sí òṣùpá.
*Èmi ni mo já a.
Èmi ni mo gbé e dé orí ìwọ̀n.
Èmi ni akọ̀wé sọ fún pé kò tó.
Èmi ni mo sin Birisi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun,
èmi náà ni wọ́n rí lẹ́nu iṣẹ́ ní Ọjọ́rú.*

Ìdajì ewì ni Haradani tò dé tó dúró.
Ó yẹ inú àpótí lẹ́tà òjé wò, ó mi orí.
"*Èmi* ti tán. Obìnrin yìí pe ara rẹ̀ jù."
Ẹ̀rín pa wá.
Nígbà tó yá, ẹ̀rín kò pa wá mọ́.
Káàdì ọmọ oníṣòwò pákó wà lórí tábìlì,
a ti tò ó tán: *Èmi àti aya mi fi ọ̀wọ̀ pè yín.*
Haradani fi ẹ̀mú fa *Èmi* náà yọ
bí ẹni yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọdé,
ó gbé e fún Fulimoti.
Káàdì jáde pẹ̀lú *Àwa*. Kò sẹ́ni tó fura.

Lọ́jọ́ kẹta, ọkùnrin ilé-iṣẹ́ tíì wọlé,
bàtà rẹ̀ ń dán bí awẹ́ obì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.
Ẹ̀yìn ìwé ló fẹ́ rà, fún àwòrán obìnrin kan
tó gbé apẹ̀rẹ̀ pọ̀n, tó ń rẹ́rìn-ín.
Kò bèèrè ohun tó wà nínú.
Owó tó dárúkọ á ra bébà ọdún méjì.
Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́: mo ti ń ṣírò páànù tuntun.
Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́;
ikùn mi ló kọ́ mi ní òwe yẹn.

Tapati bu tíì fún un. Ó mu ún, ó yínmú.
"Irú tíì wo nìyí?"
"Tiyín ni. Èéfọ́ ewé ìsàlẹ̀ àpò,
èyí tí ẹ fi ń dí owó iṣẹ́ wọn."
Ó gbé ife sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.
Kò tún dárúkọ owó mọ́.

A fi ẹ̀yìn ìwé sílẹ̀ lófìfo,
kódà a kò fi orúkọ wa sí i.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ẹ̀dà kan padà wálé
láti ọwọ́ awakọ̀ kan, ó ti rún, ó ń rùn èéfín.
Pẹ́ńsù ti kún ẹ̀yìn rẹ̀, oríṣiríṣi ọwọ́:
*Kílò mẹ́rìnlélógún, wọ́n kọ ogún.
Kílò mọ́kàndínlógún, wọ́n kọ mẹ́rìndínlógún.
Sumari. Ìyá Sumari. Èmi náà.*

Haradani gbé e sún mọ́ iná, ó wò ó títí.
Ó ní kí n kọ̀wé sí Kòlíkátà fún òjé sí i.
Owó rẹ̀ kò sí.
Mo kọ ọ́.