Ìka Méjì Ló Kù

Ní Ìsọ̀kun, n'Iléṣà, a da kóló sórí ẹní, a ń kà á:
owó mọ́tò, owó ọgbà ìṣeré, owó áísìkiriìmù.
Màmá àgbà ní, "Kí ni wọ́n tiẹ̀ ń tà níbẹ̀?"
"Ẹ̀rù ni, mà. Wọ́n á gbé yín sókè,
wọ́n á jù yín sílẹ̀."
"Fámúrewá onímọ́tò ń fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́nà Àkúrẹ́!"

Ìbíyẹmí ò bá wa kawó.
Ó lẹ̀ mọ́ férémù ilẹ̀kùn, níbi mo fi èédú sàmì sí:
ẹni ò ga tó yìí, kò ní gun ọkọ̀ òfurufú.
Ìka méjì ló kù.
Ẹ̀wà tó kórìíra, ó ń jẹ ẹ́ láìjiyàn.

Kóló náà ò tíì ga tó.
Mo tì í padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì,
mo ń bẹ Ọlọ́run lábẹ́lẹ̀
kọ́mọ má ṣáájú owó.