Òkúta Kọkànlélógún

Tí o bá sọdá ojú irin tí ọkọ̀ ojú irin kì í gbà mọ́,
tí àwọn ewúrẹ́ fi àárín rẹ̀ ṣe ibùsùn,
yà sọ́wọ́ òsì, kí òkè Sábẹ̀ẹ́ wà lẹ́yìn rẹ
bí ìyá tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń wo ọmọ rẹ̀ bó ṣe ń lọ.
Má bèèrè Ọ̀pàrà lọ́wọ́ ẹni tó jókòó,
ẹni tó jókòó á ní kò jìnnà.
Bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ru igi,
òun ló mọ bí ilẹ̀ ṣe gùn tó.

Ọ̀dà tán níbi oko ìrèké.
Láti ibẹ̀, erùpẹ̀ pupa ni, ihò lórí ihò.
Sẹ́mìjàn mẹ́ta kọjá lára mi, èèyàn mẹ́rin lórí ìkọ̀ọ̀kan,
ọmọ kan fi rọ́bà táyà kọ́rùn bí ìlẹ̀kẹ̀.
Wọ̀rú ẹ̀gbọ́n mi ló yá mi lọ́kọ̀ wá láti Kútọnu,
ó ní, "Bí igi bá ha á lára, má padà wálé."
Mo wá ń wa ọkọ̀ bí ẹni tó ru ẹyin,
títí ìyàwó mi fi sọ̀ kalẹ̀,
tó fẹsẹ̀ rìn, tó sì dé omi kí n tó dé.

Bọ̀ní ló ń ṣọ́ ọkọ̀ lábẹ́ igi máńgòrò.
Ọmọ ọdún méjìlá, fèrè rẹ́fírì lọ́rùn.
Igba fránkì fún ọkọ̀, àádọ́ta fún alùpùpù,
kẹ̀kẹ́ ológeere ò san nǹkan kan,
ìyá àgbà ló pa á láṣẹ.
Kò ní tíkẹ́ẹ̀tì. Èédú ló fi ń kọ nọ́ńbà sára òkúta wẹ́wẹ́.
Ó na kọkànlélógún sí mi:
"Tí òkúta bá bọ́ sódò, ọkọ̀ di tiwa."
Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.

Ó ní kí n fẹ̀yìn rìn wọlé, yí i, yí i, yí i,
dúró!
Mo sọ̀ kalẹ̀ wo bí mo ṣe sún mọ́ igi tó.
Àpá kan yí ìdí rẹ̀ ká, jíjìn bí ìka,
ibi tí ẹ̀wọ̀n kẹ̀kẹ́ ti jẹ ẹ́ lára.
Mo mọ ẹ̀wọ̀n náà. Ti bàbá mi ni.
Gbogbo ọjọ́ Àìkú, igi kan náà,
nígbà tí ibí yìí ṣì jẹ́ oko Ìyá Sẹnábù,
tí a ń bọ́ bàtà sí ẹ̀bá ebè,
tí a ń fò láti poro dé poro
tí igbe rẹ̀ ń lé wa dé etí omi:
"Ẹ má tẹ̀ mí lẹ́pà!"

Arúgbó kan wà lórí àpótí, agolo mílíìkì nítan rẹ̀,
owó ẹyọ ń ró nínú rẹ̀ bí ẹ̀pà inú èèpo.
Mo kúnlẹ̀ kí i. Mo ní èmi lọmọ oníkẹ̀kẹ́.
Ó wo ilẹ̀ tí ọkọ̀ kún, ó wò ó pẹ́.
"Ẹ̀pà kì í pa owó lọ́dún tí òjò bá kọ̀," ló wí,
"ṣùgbọ́n ẹ̀pà ò tú èéfín sí mi lójú rí."
Lẹ́yìn náà: "Igba fránkì. Ṣé o ti san án?"

Omi? Omi tutù. Àpáta rẹ̀ ń yọ̀.
N ò lúwẹ̀ẹ́ ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ:
ṣòkòtò mi ò lápò,
ẹnu ni mo fi òkúta sí,
ìyàwó mi ń bá mi sọ̀rọ̀, mo ń dáhùn bí odi.

Nígbà tí mo pọ̀ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ Bọ̀ní,
òkúta mọ́ féfé. Kò sí nọ́ńbà.
Ọmọ náà wo òkúta, ó wo ètè mi tó dúdú,
ó ní, "Ó dáa. Kọkànlélógún, ẹ máa lọ."

Mo tanná sí ọkọ̀. Mo rọra ń yọ jáde,
mò ń ronú ẹ̀gbọ́n mi, mò ń wo igi,
n ò wo ilẹ̀,
àfi bí ohùn kan ṣe dún lẹ́yìn mi, ohùn tí kò gbó:
ebè kan ṣoṣo ló kù, tútù yọ̀yọ̀, lẹ́bàá táyà mi,
"Ẹ má tẹ̀ mí lẹ́pà!"